Re: Ìmúbọ̀sípò ni o, kì í ṣe ìmúbọ́sípò

Ẹ kú ìjókòó o, gbogbo ilé. Láti ọjọ́ Mọ́ńdè ni mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín, mi ò sì fẹ́ dá sí i rárá, àmọ́ nígbà tí Ọ̀gá Tíṣà kọ "ìmúbọ́sípò" lẹ́ẹ̀kẹta, tí wọ́n gbé àmì òkè lé bọ́ lórí gbọnin-gbọnin, tí wọ́n tún ní kí ẹni tí ò bá gbà lọ kọ́ gírámà, ara mi ò gbà á mọ́.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọlé: Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ra ọkọ̀ àtijọ́ kan, MGB ọdún 1971, olórí ṣíṣí, tó ti wà nínú gáréèjì ilé ẹnìkan fún ohun tó lé lógún ọdún láìrìn. Wọ́n bi wá pé kí la máa pe iṣẹ́ tí wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí ẹ̀ yìí ní Yorùbá, ìyẹn "restoration", kí ọkọ̀ àtijọ́ padà sí bó ṣe wà nígbà tí wọ́n ṣe é, torí "àtúnṣe" ò tó, ẹni tó pààrọ̀ táyà náà ṣe àtúnṣe. Àǹtí wa mú "ìsọdọ̀tun" wá, Ọ̀gá Tíṣà mú "ìmúbọ́sípò" tiwọn wá. Mo fara mọ́ ti Ọ̀gá Tíṣà, ohùn orí ẹ̀ nìkan ló bà á jẹ́, ó sì bà á jẹ́ pátápátá.

Ẹ wo bọ́. Eyín bọ́. Bọ́tìnnì bọ́. Ọmọ bọ́ṣọ. Báńpà jábọ́ sí títì. Ọ̀gá Tíṣà ní "bọ́ sípò" wà ńlẹ̀, pé ṣebí àwọn olóṣèlú ń bọ́ sípò lójoojúmọ́. Wọ́n ń bọ́ síbẹ̀ lóòótọ́, àmọ́ ipò tí wọn ò sí tẹ́lẹ̀ ni wọ́n bọ́ sí. Bọ̀ ni ti ẹni tó lọ tó sì padà. Àlọ àti àbọ̀. Ilé làbọ̀ sinmi oko, ta ni nínú wa ló máa la ẹnu ẹ̀ pé "ilé làbọ́ sinmi oko"?

Ọkọ̀ yìí sì ní ibi tó ti lọ. Abingdon, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ń ṣe MGB, láti 1962 títí di 1980 tí wọ́n ti ilé iṣẹ́ náà. Ní British Motor Museum tó wà ní Gaydon, ìwé àkọsílẹ̀ MG, ilé iṣẹ́ tó ṣe é, wà ńbẹ̀, tẹ́ ẹ bá sanwó, wọ́n á fún yín ní ìwé ẹ̀rí tó sọ ọjọ́ tí wọ́n ṣe é, àwọ̀ tí wọ́n kùn ún, nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tó bá a jáde. Ipò tí à ń wí nìyẹn. Ipò yẹn ló ń bọ̀ sí, kì í ṣe pé ó ń bọ́ síbì kan.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ torí ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi. MGB ò ní ṣáásì lọ́tọ̀ lábẹ́ bí ọkọ̀ Triumph TR6 ṣe ní in, bọ́dì ẹ̀ ló ń gbé ara ẹ̀ ró, àwọn irin gígùn tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn, tí wọ́n ń pè ní sill, ni agbára ẹ̀ pọ̀ sí jù, pàápàá èyí tí kò ní òrùlé. Ibẹ̀ náà sì ni omi ń dúró sí. Wẹ́dà kan, mi ò ní dárúkọ ẹ̀, gé sill tèmi lọ́tùn-ún lósì lẹ́ẹ̀kan náà, kò fi irin kankan dábùú ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn, jáàkì sì wà níwájú àti lẹ́yìn nìkan, bí àárín ọkọ̀ ṣe rọra wọlẹ̀ nìyẹn. Ó jó tuntun mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ tí mo lọ gbé e, mo fi ọwọ́ tọ àlàfo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn wálẹ̀: lókè, ẹ̀kánná mi ò wọ̀ ọ́, nísàlẹ̀, àtàǹpàkò mi kó wọlé. Ilẹ̀kùn ò tì. Ọ̀gá Tíṣà, ẹ dákun ẹ gbọ́ èyí dáadáa: sill tuntun yẹn bọ́ sípò. Ọkọ̀ ni ò bọ̀ sípò.

Ẹ̀gbọ́n, torí náà ẹ kọ́kọ́ wọn àlàfo ilẹ̀kùn, kẹ́ ẹ ya fọ́tò, kẹ́ ẹ dábùú ẹnu ọ̀nà kí ẹnikẹ́ni tó gé nǹkan kan, ẹ̀gbẹ́ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹ má sì yí kọ́kọ́rọ́ o! Ẹ yọ púlọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ kán ọ́ìlì sínú sílíńdà, ó di ọjọ́ díẹ̀ kẹ́ ẹ tó rọra fi sípánà yí ẹ́ńjìnì. Ẹ fa epo àtijọ́ dànù, ẹ pààrọ̀ gbogbo rọ́bà epo, torí láti 2021 ni epo tí wọ́n ń tà káàkiri ní Britain ti di E10, ìyẹn epo tí wọ́n po ẹtanọ́ọ̀lù mọ́, ẹtanọ́ọ̀lù inú ẹ̀ sì ń jẹ rọ́bà àtijọ́. Bàbá mi, tó fi iṣẹ́ panẹ́bítà tọ́ wa, máa ń sọ pé kéèyàn tú ọkọ̀ bí ẹni tó máa tò ó padà, gbogbo nọ́ọ̀tì ní àpò tiẹ̀, orúkọ lára ẹ̀. Wọn ò kàwé, ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kí wọ́n ṣi ohùn kan pè rí.

Àǹtí wa, "ìsọdọ̀tun" tiyín náà ní ibi tó dáa sí. "Di" ni mò ń bá jà níbẹ̀: ohun tó di nǹkan, kò jẹ́ ẹ tẹ́lẹ̀. Ó di ọba, ìyẹn ni pé lánàá kì í ṣe ọba. Láti 1988 ni ilé iṣẹ́ British Motor Heritage ti ń fi irinṣẹ́ àtijọ́ tẹ bọ́dì MGB tuntun pátápátá, tẹ́ ẹ bá ra ọ̀kan tẹ́ ẹ kó ẹ́ńjìnì àti jíà tàtijọ́ sínú ẹ̀, ìyẹn, mo gbà, ẹ ti sọ ọ́ dọ̀tun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lẹ irin lẹ́sẹẹsẹ, tó ń fi irin tó ṣì le sílẹ̀, ọ̀tun kọ́ ló ń wá.

Ẹni tó ní "ìpáàrà", ohun tó ń jẹ irin, kì í ṣe Yorùbá gidi, pé "ìpẹtà" nìkan ló wà, kó lọ ṣí Bíbélì àtijọ́, Mátíù orí 6 ẹsẹ 19. Nílé wa, "ó ti dógùn-ún" ni tojú irin, èyí tẹ́ ẹ lè fi sáńpépà ha kúrò. Tó bá ti lu, "ó ti jẹ" ni. Ẹ máa wí tiyín.

Ó ku "ọkọ̀ eré ìdárayá" tí ẹnìkan pe MGB, tó fi túmọ̀ "sports car", bíi pé ó fẹ́ gbá bọ́ọ̀lù, ayárabíàṣá tó bá a mu, a ti fi jíǹkí kọ̀ǹpútà. Mo ń bọ̀ lórí ìyẹn.

Ọ̀gá Tíṣà, "mo ń bọ̀" tí mo kọ yìí, ohùn wo lẹ fi kà á?