Ògiri ń lanu sí i, wọ́n ní kọ̀ǹpútà mi ló ń purọ́

Aṣọ́lé: Ẹ gbà mí o. Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń ya fọ́tò ibi tó lanu lára ògiri ilé bíríkì kan tó ti lé ní 100 ọdún. OpenCV, ètò kọ̀ǹpútà tó ń yẹ fọ́tò wò, ni mo fi ń wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Oṣù kìíní, 2.0 mm, báyìí, 3.4 mm. Ọ̀gá tó gbé iṣẹ́ fún mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ lójú àwọn bíríkìlà. Owó ara mi ni mo fi ra kámẹ́rà o! Kí ni mo lè ṣe tí wọ́n á fi gbà mí gbọ́?

Ìyá Fọ́tò: Ẹ kú ìdààmú. Ṣé rúlà wà nínú fọ́tò? Ṣé ojú kan náà lẹ ń dúró sí? Tí fọ́tò tó fẹ̀ ní píksẹ́lì 4000 (àwọn àmì tín-ín-tín tó para pọ̀ di fọ́tò) bá gba mítà 2 lára ògiri, píksẹ́lì kan jẹ́ ìdajì mm. Ìyàtọ̀ tiyín ò pé píksẹ́lì mẹ́ta.

Akínkanjú: Òjìji ńkọ́? Èmi ya ti àkọ́kọ́ láàárọ̀, mo ya ìkejì lọ́sàn-án gangan. Mo kọ ìròyìn jáde tán kí n tó rí i pé òjìji páìpù omi òjò ni mò ń wọn.

Bàbá Bíríkì: Ẹ fi símẹ́ńtì lẹ gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ọn. Ògiri bá rìn, á ṣẹ́. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí!

Ìyá Fọ́tò: Bàbá, gíláàsì ò lè sọ bó ṣe rìn tó.

Bàbá Bíríkì: Ṣé mo ní kó sọ ọ́ ni?

Aṣọ́lé: Fóònù ni mo fi ya ti oṣù kìíní, kò sí rúlà, àmọ́ mo mọ iṣẹ́ mi. Gíláàsì tiẹ̀ wà níbẹ̀, bíríkìlà kan ló lẹ̀ ẹ́. Mo yọ ọ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá torí ó ń kọ mànà sínú fọ́tò. Ó kúkú ti ṣẹ́ sí méjì.

Akínkanjú: Ẹ ní kí ni?

Bàbá Bíríkì: Ó ṣẹ́, ẹ wá yọ ọ́ dànù?

Aṣọ́lé: Ẹ má bínú, sà. Ilẹ̀kùn abẹ́ rẹ̀ náà ti ń há. Mo rò pé òjò ló mú pákó wú ni.

Ìyá Fọ́tò: Ẹ gbàgbé 3.4 yẹn. Ẹ kó èèyàn kúrò lábẹ́ ògiri náà lónìí, ẹ pe ẹnjiníà. Lẹ́yìn náà, ẹ yẹ àwọn fọ́tò tí gíláàsì wà nínú wọn wò níkọ̀ọ̀kan.

Aṣọ́lé: Wọ́n ti jáde. Mo ti rí i: ọjọ́ 9, odindi ni. Ọjọ́ 16, ó ti ṣẹ́. Mo fi méjèèjì ránṣẹ́ sí ọ̀gá. Òun ló ń pè mí yìí.