Bàtà pẹlẹbẹ tó fẹ̀ níwájú: èwo ló lè pẹ́ lórí yangí wa?

Ọmọ Ìjùmú:
Ẹ òkun o, gbogbo ilé. Mo fẹ́ ra irú bàtà tí wọ́n ń pè ní barefoot: iwájú rẹ̀ fẹ̀, gìgísẹ̀ rẹ̀ kò ga ju iwájú lọ, ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Inú ìlú Kàbà ni mo fẹ́ máa wọ̀ ọ́, àti oko kajú ní Sátidé. Èyí tó fẹ́lẹ́ kì í pẹ́ lórí yangí. Èyí tó nípọn kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ilẹ̀. Mìlímítà mélòó ni kí n mú?

Ìyá Bùnú:
Fífẹ̀ iwájú àti títẹ́jú kò ṣeé ná. Sísanra ìsàlẹ̀ nìkan ni ẹ lè ná. Bàtà tó fún ìka pọ̀ á ṣì máa ti àtàǹpàkò sẹ́gbẹ̀ẹ́, bó ti wù kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ tó.

Fún títì ọ̀dà, 4 sí 5 ti tó. Fún yangí àti ọ̀nà oko, 6 sí 8. Bó bá kọjá 10, kì í sábà tẹ̀ dáadáa mọ́, àfi bí rọ́bà rẹ̀ bá rọ̀ gan-an, rọ́bà rírọ̀ sì ni yangí ń yára jẹ.

Ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ wọn ẹsẹ̀, torí ó máa ń wú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn ọjọ́. Ẹ dúró lórí bébà, ẹ fi bírò yí méjèèjì ká, kí ẹ tẹ̀lé èyí tó gùn jù, kí ẹ sì fi mìlímítà 10 sí 12 kún un. Lọ́dọ̀ ọlọ́jà, ẹ yọ ìtẹ́nú bàtà jáde, ẹ dúró lé e: bí ìka kan bá yọ síta, ẹ dá a padà.

Ẹ má wọ̀ ọ́ lọ oko lọ́jọ́ kìíní o. Bàtà onígìgísẹ̀ ti jẹ́ kí iṣan ẹ̀yìn ẹsẹ̀ kúrú, ó sì gbọ́dọ̀ nà díẹ̀díẹ̀. Ìṣẹ́jú 20 sí 30 lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó máa fi kún un. Kí iṣan ro yín kò burú. Ṣùgbọ́n bí ojú kan ṣoṣo lókè ẹsẹ̀ bá ń dùn nígbà tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́, egungun lè ti fẹ́ sán: ẹ sinmi, ẹ lọ sí ọsibítù. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í mọ ìrora mọ́, kó má dán an wò rárá.

Ṣúmékà Ọjà:
Òótọ́ ni Ìyá sọ. Ṣùgbọ́n kí ìsàlẹ̀ tó jẹ tán, gọ́ọ̀mù ti máa ń jáwọ́. Èyí tí wọ́n rán yí ká ni kí ẹ rà. Ẹ fi èékánná tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀: bí àpá èékánná bá kù síbẹ̀, fóòmù ni, kò ní rí òjò méjì.

Ẹ máa wo abẹ́ àtàǹpàkò àti ẹ̀yìn gìgísẹ̀ lápá òde. Ibẹ̀ ló ń kọ́kọ́ jẹ. Kó tó dé ojú òwú, ẹ gbé e wá ká pààrọ̀ ìsàlẹ̀. Ṣúmékà gbọ́dọ̀ fi sáńpépà ha gọ́ọ̀mù àtijọ́ kúrò pátá, kó fi tuntun pa ojú méjèèjì fẹ́lẹ́, kó dúró bí ìṣẹ́jú 10 sí 15 títí kò fi lẹ̀ mọ́ ìka mọ́, kó tó lẹ̀ ẹ́, kó sì fi òòlù lù ú. Bó bá ń rán an, kó kọ́kọ́ la ojú ọ̀nà fún òwú kó lè rì sínú rọ́bà. Òwú tó yọ síta, yangí á gé e. Ẹ má wọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹ má sì sá a sórí páànù: oòrùn ń yọ́ gọ́ọ̀mù.

Ọmọ Yàgbà:
Bàtà táyà ńkọ́? Ó tẹ́jú, ó fẹ̀, kì í gbó.

Ṣúmékà Ọjà:
Ó dára, ṣùgbọ́n ẹ má gba èyí tí wọ́n gé láti ojú táyà mọ́tò. Wáyà wà nínú rẹ̀. Bí rọ́bà bá jẹ, ó ń gún ẹsẹ̀. Ó tún le jù, kì í tẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ táyà ni kí wọ́n gé, kí wọ́n yẹra fún etí tó ń wọnú rímù, torí wáyà wà níbẹ̀ náà. Kí okùn rẹ̀ di ẹ̀yìn gìgísẹ̀ mú: bàtà tí kò ní okùn ẹ̀yìn ń mú kí ìka máa ká mọ́lẹ̀ kó má bàa bọ́. Fún oko kajú tí ẹ̀gún wà, bàtà tó bo ẹsẹ̀ ṣì ni.