Báǹkì fẹ́ ti àkáǹtì ẹgbẹ́ wa pa, ó sì jọ pé nítorí a jẹ́ oníṣẹ̀ṣe ni. Kí la lè ṣe?

Akápò Ìkéré:
Ẹ̀yin ọmọ ilẹ̀ iyì, mo kí yín o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Láti Tọ́sìdeè ni ọ̀rọ̀ yìí ò ti jẹ́ kí n sùn.

Èmi ni akápò ẹgbẹ́ oníṣẹ̀ṣe kan níbí ní Ìkéré. A ò pọ̀, a ò ju ogójì lọ. Owó oṣooṣù, owó ọdún àti owó tá a fi ń sìnkú ara wa, inú àkáǹtì kan ní Adó la ń kó gbogbo rẹ̀ sí, ó ti lé lọ́dún mẹ́fà. Kò sí wàhálà rí. Àfi bí lẹ́tà ṣe dé lọ́jọ́ Tọ́sìdeè pé báǹkì ò bá wa ṣe mọ́, ká wá kó owó wa láàárín ọgbọ̀n ọjọ́. Wọn ò sọ ìdí kankan. Ìlà mẹ́rin péré ni, ọ̀kan nínú rẹ̀ sì ni pé àwọn dúpẹ́ pé a fọkàn tán àwọn.

Mo gba Adó lọ lọ́jọ́ kejì. Ọmọbìnrin tó jókòó síbi tí wọ́n ti ń dá oníbàárà lóhùn tẹ kọ̀ǹpútà rẹ̀ títí, ó wá ń wo ìdè Ifá ọwọ́ mi. Ó ní, "Mà, ẹgbẹ́ yín yìí, ṣé ti àwọn tó ń bọ̀rìṣà ni?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Ẹ̀hẹ́n." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní Èkó ni lẹ́tà ti wá, mánéjà ò rí nǹkan kan ṣe sí i.

Owó tó wà níbẹ̀ jẹ́ ₦614,300. Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ní ká lọ sí rédíò. Bàbá kan ní ká kúkú fẹjọ́ wọn sun Ògún, pé ṣebí irin ni sééfù. Èmi ò fẹ́ ìjà. Ṣé báǹkì lè lé èèyàn nítorí ohun tó ń sìn? Ọ̀dọ̀ ta la lè lọ?

Ìyá Aláṣọ Ọjà Ọba:
Háà! Àwọn tí wọ́n ń gbé fọ́ọ̀mù kiri ìsọ̀ wa, tí wọ́n ń fún wa ní bírò àti kàlẹ́ńdà ká lè ṣí àkáǹtì! Wọn ò bi ẹnikẹ́ni nígbà náà bóyá ó ń bọ nǹkan. Ẹ gbé wọn lọ sí rédíò, ìyá mi.

Àyànfẹ́ Olúwa:
Ẹ fi òrìṣà sílẹ̀, àkáǹtì á ṣí.

Alákòóso:
Àyànfẹ́, ibí kì í ṣe pẹpẹ. Mo ti yọ èyí tó kù nínú ohun tí ẹ kọ. Akápò, ẹ máa bọ̀.

Bọ̀dá Basìrì:
Ẹ rọra ná, rédíò ò sá lọ. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi jókòó sẹ́yìn gíláàsì yẹn kí n tó fẹ̀yìn tì, mo sì mọ irú lẹ́tà onílà mẹ́rin yẹn. Kọ̀ǹpútà ló ń kọ ọ́, orúkọ yín nìkan ni wọ́n máa ń pààrọ̀.

Ẹ dá mi lóhùn ná. Ṣé orúkọ ẹgbẹ́ ni àkáǹtì náà ń jẹ́, àbí orúkọ ẹnì kan? Ìwé CAC, tí ẹ fi forúkọ ẹgbẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, ńkọ́? Ti SCUML ńkọ́, ìwé ìforúkọsílẹ̀ tó wà lábẹ́ EFCC? Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan ni báǹkì ń bi í o, wọ́n ń bi ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ń bi mọ́sálásí. Àwọn tó ń buwọ́ lùwé, ṣé gbogbo wọn ló ṣì wà láyé? Ṣé orúkọ orí BVN wọn bá ti orí NIN mu?

Akápò Ìkéré:
Ẹ ṣé, sà. Orúkọ ẹgbẹ́ ni. CAC wà. Èyí tí ẹ pè ní SCUML yẹn, òní ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Àwa mẹ́ta là ń buwọ́ lùwé, ṣùgbọ́n Bàbá alága papò dà lọ́dún tó kọjá, a ò tíì fi ẹlòmíì rọ́pò wọn.

Bọ̀dá Basìrì:
Ó dáa. Ẹ lọ tún ìyẹn ṣe lọ́sẹ̀ yìí, ká lè gba àwáwí lẹ́nu wọn. Ẹ ṣe ìpàdé, ẹ kọ ìpinnu sílẹ̀ pé lágbájá ló rọ́pò Bàbá, ẹ buwọ́ lù ú.

Àmọ́ mi ò ní purọ́ fún yín, ohun kan ń rú mi lójú. Nígbà tiwa, bí ìwé oníbàárà ò bá pé, a máa ń kọ̀wé sí i pé kó mú un wá. Bí kò bá mú un wá, a ó fi PND sí àkáǹtì rẹ̀: owó á máa wọlé, kò ní jáde. Nígbà tí CBN, báǹkì àpapọ̀, pàṣẹ ní oṣù Kejìlá 2023 lórí àkáǹtì tí kò ní BVN tàbí NIN, wọ́n ní kí owó má wọlé, kó má sì jáde títí ìwé á fi pé. A kì í sọ fún oníbàárà pé kó máa lọ nítorí ẹni tó ń buwọ́ lùwé kú. Ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ, wọ́n ti rí nǹkan kan lára rẹ̀, tàbí wọ́n rò pé àwọn rí i. "Ẹ̀hẹ́n" ọmọ yẹn kì í ṣe ẹ̀rí o, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé rẹ̀.

Ọmọ Ìfàkì, Houston:
Mà, kì í ṣe ilé nìkan ló ti ń ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ 2025, Trump buwọ́ lu àṣẹ kan níbí pé kí báǹkì má ti èèyàn síta nítorí ẹ̀sìn rẹ̀, òṣèlú rẹ̀ tàbí òwò tó bófin mu. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni ọ̀rọ̀ kan tí báǹkì máa ń sá sí, pé oníbàárà yìí lè ba orúkọ àwọn jẹ́. Àṣẹ yẹn ní kí àwọn tó ń bójú tó báǹkì yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò nínú ìlànà wọn.

Ti London ló tiẹ̀ ṣe mí ní kàyéfì. Báǹkì Coutts ti àkáǹtì Nigel Farage, olóṣèlú wọn, pa ní 2023. Ohun tí a kọ́kọ́ gbọ́ ni pé owó rẹ̀ ò tó iye tí wọ́n ń fẹ́. Ọkùnrin náà fi òfin béèrè gbogbo ohun tí wọ́n kọ nípa rẹ̀, àfi bí ìwé jọ̀nkọ̀n ṣe jáde, wọ́n ti jókòó jíròrò ìṣèlú rẹ̀ níbẹ̀. Alison Rose, ọ̀gá NatWest tó ni Coutts, kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀ lóṣù Keje ọdún yẹn.

Ìyá Aláṣọ Ọjà Ọba:
Ọmọ mi, ṣé àṣẹ Trump á wá dé Ìkéré ni?

Agbẹjọ́rò Ìjerò:
Kò lè dé, mà. Ṣùgbọ́n àpò tí Farage kì ọwọ́ bọ̀ yẹn, àwa náà ní irú rẹ̀ nílé. Òfin tó ń dáàbò bo ìsọfúnni àwọn èèyàn, ti 2023, gbà yín láyè láti béèrè ohun tí wọ́n kọ pa mọ́ nípa yín. Èèyàn ni òfin náà ń sọ̀rọ̀ bá, kì í ṣe ẹgbẹ́. Nítorí náà, ẹ̀yin méjì tó kù tí ẹ ń buwọ́ lùwé ni kí ẹ béèrè, kálukú lórúkọ ara rẹ̀.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ tí kò dùn: àdéhùn ló wà láàárín báǹkì àti oníbàárà. Bí ẹ ṣe lè kó owó yín kúrò, àwọn náà lè ní àwọn ò ṣe mọ́, tí wọ́n bá fún yín láyè tó tọ́. Abala 38 ìwé òfin 1999 fún yín lómìnira ẹ̀sìn, abala 42 sì lòdì sí ìyàsọ́tọ̀, ṣùgbọ́n òfin àti ìṣe ìjọba ni 42 dojú kọ. Ẹ má gbé gbogbo ẹrù lé e lórí.

Títì pa yàtọ̀ sí gbígbẹ́sẹ̀ lé o. Wọn ò láṣẹ láti fọwọ́ mú owó yín láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ bẹ́ẹ̀ nínú ẹjọ́ GTB àti Adedamola ní 2019. CBN fúnra rẹ̀ lọ gba àṣẹ ilé ẹjọ́ ní 2020 láti gbẹ́sẹ̀ lé àkáǹtì ogún lẹ́yìn EndSARS, ilé ẹjọ́ náà ló sì tú wọn sílẹ̀ ní oṣù Kejì 2021. Nítorí náà, ₦614,300 yín kò sí nínú ewu. Ẹ ṣí àkáǹtì míì síbòmíì, kí owó má bàa sùn síta.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ṣe lọ́jọ́ Mọ́ńdè rèé. Ẹ kọ lẹ́tà sí mánéjà, ẹ béèrè ìdí, ẹ ní kó kọ ọ́ sínú ìwé. Ẹ má kọ "nítorí ẹ̀sìn wa" sí ìlà àkọ́kọ́, tí ẹ bá ti kọ ọ́, wọ́n á gbé e fún lọ́yà wọn, kò sẹ́ni tó máa dá yín lóhùn mọ́. Ẹ sọ pé ẹ ti ń ṣe àtúnṣe ìwé. Ohun tí ọmọbìnrin yẹn bi yín, ọjọ́ àti aago rẹ̀, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé tiyín nílé. Ẹ mú ẹ̀dà méjì lọ, kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ọ̀kan fún yín. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí wọn ò yanjú ẹ̀, ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà ní CBN ló kàn, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, náà wà níbẹ̀. Wọ́n á bi yín léèrè lẹ́tà tó ní òǹtẹ̀ yẹn kí wọ́n tó fún yín lága.

Àlàájì Ìlawẹ̀:
Mùsùlùmí ni mí, mi ò bá yín bọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fẹ́ ẹni tó máa bá yín wọ Adó lọ́jọ́ Mọ́ńdè, mo ní mọ́tò.

Akápò Ìkéré:
Ẹ kú àdúrótì o, gbogbo yín. A ti lọ. Àlàájì gbé wa lọ lóòótọ́, wọn ò gba owó epo. Mánéjà ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó wọlé, ó pẹ́ níbẹ̀, ó jáde pé òun á fi ránṣẹ́ sí Èkó. Ọmọbìnrin ọjọ́sí ló lu òǹtẹ̀ sí ẹ̀dà tèmi. Yíǹkì rẹ̀ ò hàn, mo ní kó tún un lù. Ó tún un lù.

Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni mò ń kà báyìí. Bàbá tó sọ̀rọ̀ sééfù ní òun náà ń kà.