Kóòṣì àwọn olùkọ́: alábẹ̀wò ni, akọ́nimọ̀ọ́gbá ni, àbí afinimọ̀nà?

Ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ fún àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá wa ni pé kí la ó máa pe kóòṣì (coach), ìyẹn ẹni tó ń jókòó sínú kíláàsì olùkọ́, tó ń wo bó ṣe ń kọ́ ọmọ, tí wọ́n á sì jọ sọ̀rọ̀ lé e lórí lẹ́yìn náà kí ọwọ́ olùkọ́ lè já gaara sí i. Orúkọ mẹ́rin ni wọ́n ti dábàá: akọ́nimọ̀ọ́gbá, alábẹ̀wò, olùdánilẹ́kọ̀ọ́ àti alátìlẹ́yìn. Ẹnìkan ní ká kúkú fi í sílẹ̀ ní kóòṣì. Kí n tó sọ èyí tí mo fara mọ́, ẹ jẹ́ ká wo iṣẹ́ náà gan-an, torí pé púpọ̀ nínú orúkọ wọ̀nyí ti ní iṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́.

Ìwádìí tó tú ọ̀rọ̀ yìí palẹ̀ jù wá láti Gúúsù Áfríkà. Ní 2015, ikọ̀ olùṣèwádìí kan tí àwọn ọ̀mọ̀wé Yunifásítì Witwatersrand wà nínú rẹ̀, tí wọ́n sì ń bá ilé iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ ìjọba ibẹ̀ ṣiṣẹ́, kó ilé ẹ̀kọ́ 230 jọ ní ìpínlẹ̀ North West, níbi tí wọ́n ti ń fi Setswana kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní ìwé kíkà. Wọ́n ṣẹ́ kèké láti pín wọn. Ní ilé ẹ̀kọ́ 50, wọ́n pe àwọn olùkọ́ jáde wá sí ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Ní 50 mìíràn, kóòṣì ló ń wá bá olùkọ́ nínú kíláàsì. Ní 50 kẹta, àwọn òbí ni wọ́n bá ṣiṣẹ́. Àwọn 80 tó kù ń bá iṣẹ́ wọn lọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣàkíyèsí pé ìwé kan náà àti lẹ́sìn nóòtì ojoojúmọ́ kan náà ni olùkọ́ tó lọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ tó ní kóòṣì gbà. Ọ̀nà tí wọ́n gbà kọ́ wọn lò ó nìkan ló yàtọ̀. Lẹ́yìn ọdún méjì, ìwé kíkà àwọn ọmọ fi 0.12 standard deviation (ìwọ̀n tí àwọn oníṣirò fi ń mọ bí máàkì àwọn ọmọ ṣe jìnnà síra tó) gòkè níbi tí olùkọ́ ti lọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́. Níbi tí kóòṣì ti ń wọ kíláàsì, ó jẹ́ 0.24. (Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká tíì fọwọ́ kan orúkọ ìwọ̀n àwọn oníṣirò yẹn lónìí. Ìjà tirẹ̀ náà tó ìjà.)

Nítorí náà, ẹ yọ olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kúrò. Ẹni tó bá pe kóòṣì ní olùdánilẹ́kọ̀ọ́ kò ní rí ọ̀nà tí yóò fi túmọ̀ gbólóhùn tó ṣe pàtàkì jù nínú ìwádìí náà, torí pé ohun méjì tí wọ́n ń fi wé ara wọn yóò ti di ọ̀kan mọ́ ọn lọ́wọ́.

Alábẹ̀wò ló léwu jù. Olùkọ́ ti mọ̀ ọ́n: òun ló ń wá láti ọ́fíìsì, tó ń béèrè lẹ́sìn nóòtì àti rẹ́jísítà, tó ń kọ máàkì, tó sì ń gbé fọ́ọ̀mù rẹ̀ lọ. Ibi tí iṣẹ́ kóòṣì ti sábà máa ń bàjẹ́ gan-an nìyẹn. Bí àyè máàkì bá wà lórí fọ́ọ̀mù rẹ̀, tí ẹ̀dà kan sì ń lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ àfihàn ni olùkọ́ yóò ṣe fún un: yóò tún kọ́ ohun tó ti kọ́ wọn lánàá, yóò kó àwọn tó mọ̀wé síwájú, gbogbo ọmọ yóò máa ké ohun tí wọ́n ti há sórí láìwo ojú ìwé rárá. Kóòṣì yóò jókòó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kò ní rí ìṣòro kankan tó lè bá a yanjú. Lẹ́tà tó bá ti sọ pé "alábẹ̀wò ń bọ̀" ti ba ọjọ́ náà jẹ́ kí ilẹ̀ tó mọ́.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá, iṣẹ́ ọpọlọ ni, mo kan sáárá sí àwọn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ eré ìdárayá tó gbé e jáde. Ṣùgbọ́n bọ́ọ̀lù wà nínú rẹ̀; "gbá" kò ṣeé yọ. Ìyẹn ló mú kí ẹnìkan dá akọ́nimọ̀ọ́kọ́ sílẹ̀ lórí ìlànà kan náà. Ó dùn létí. Àmọ́ ẹ bọ́ àmì ohùn kúrò lára rẹ̀ bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe ń ṣe lórí fóònù, ẹni tó bá rí i yóò kà á sí akọ́nimọ̀ọ́kọ, ìyẹn ẹni tó ń kọ́ni ní ìwé kíkọ, torí mọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà ti gba ibẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí ni pé olùkọ́ kò mọ bí a ṣe ń kọ́ni. Ẹni tó gba NCE, tó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún níwájú pátákó, ta ló fẹ́ lọ wí bẹ́ẹ̀ fún un?

Alátìlẹ́yìn ń jẹ́ ti ẹgbẹ́ òṣèlú àti ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù. Yálà o jàre tàbí o jẹ̀bi, ẹ̀yìn rẹ ló wà.

Afinimọ̀nà ni mo dìbò fún. Àwọn olùṣèwádìí Kraft, Blazar àti Hogan ṣe àkójọ ìwádìí 60 lórí kóòṣì olùkọ́ ní 2018, wọ́n sì là á kalẹ̀ pé kí a tó lè pe nǹkan ní iṣẹ́ kóòṣì, olùkọ́ kan ṣoṣo ni yóò dojú kọ nígbà kan, yóò máa wáyé léraléra, ó kéré tán lọ́sẹ̀ méjìméjì, yóò gba sáà kan tàbí ọdún kan, inú kíláàsì olùkọ́ fúnra rẹ̀ ni yóò ti wáyé, ọgbọ́n ìkọ́ni pàtó ni yóò sì dá lé. Afinimọ̀nà ń bá ènìyàn rìn, ojú ọ̀nà gan-an ni wọ́n jọ wà, ó sì ń padà lẹ́yìn rẹ nígbà tí ọ̀nà bá ti mọ́ ọ lójú. Iṣẹ́ rẹ̀ yóò jẹ́ ìfinimọ̀nà lẹ́nu iṣẹ́. Gbogbo ohun tí olùkọ́ ń kọ́ lẹ́yìn tó ti gbaṣẹ́, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìfinimọ̀nà pọ̀, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ẹ̀kọ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ dákun, kì í ṣe "ìdàgbàsókè akọ́ṣẹ́mọṣẹ́". Orúkọ ẹ̀ka ilé iṣẹ́ ìjọba ló jọ.

Ìdáhùn

Ẹ ṣeun, ọ̀gá wa. Mo gbà pẹ̀lú yín lórí alábẹ̀wò. Lórí èyí ni mi ò gbà:

> ojú ọ̀nà gan-an ni wọ́n jọ wà

Afinimọ̀nà mọ ọ̀nà, ẹni tó ń tẹ̀ lé e ni kò mọ̀ ọ́n. Èyí bá North West mu, torí pé wọ́n ti kọ lẹ́sìn nóòtì ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀ fún olùkọ́. Ẹ wá wo MyTeachingPartner, ètò tí Robert Pianta àti ikọ̀ rẹ̀ gbé kalẹ̀ ní Yunifásítì Virginia ní Amẹ́ríkà. Níbẹ̀, olùkọ́ fúnra rẹ̀ ló ń ya fídíò ẹ̀kọ́ rẹ̀, tó ń fi í ránṣẹ́. Kóòṣì yóò gé ibi ṣókí-ṣókí jáde, yóò kọ ìbéèrè tì í. Olùkọ́ yóò wo ara rẹ̀, yóò dáhùn, wọ́n á sì jọ sọ̀rọ̀ lórí fóònù. Dígí ni kóòṣì ibẹ̀ ń gbé síwájú ènìyàn, kò fi ọ̀nà kankan han ẹnikẹ́ni. Alábàárò ni èmi yóò pè é.

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí a kò tíì fọwọ́ kàn: ohun tí kóòṣì ń sọ fún olùkọ́ lẹ́yìn ẹ̀kọ́. Mo rí "èsì" nínú ìwé ìtọ́sọ́nà kan, mo rí "àbọ̀" nínú òmíràn. Èsì ń mú ọkàn olùkọ́ lọ sí èsì ìdánwò. Àbọ̀ tún burú jù ú lọ: ọ̀gá là ń jábọ̀ fún, olùkọ́ yóò sì máa retí ibi tí àbọ̀ náà ń lọ. "Ìjíròrò ẹ̀yìn iṣẹ́" kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò ba ẹnikẹ́ni lẹ́rù.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ìjíròrò náà ni pé kóòṣì yóò ka ohun tó rí, kò ní ka ohun tó rò. "Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́, ọmọ mẹ́fà lẹ pè, márùn-ún nínú wọn wà níwájú" yàtọ̀ sí "ẹ̀kọ́ yín kò wọ̀ wọ́n lórí". Èkíní ṣeé tún ṣe lọ́la. Èkejì, inú ni yóò bí olùkọ́. Ohun kan ṣoṣo ni kí wọ́n mú. Kóòṣì tó bá ka àṣìṣe méje sílẹ̀ yóò bá méjèèje níbẹ̀ nígbà tó bá padà. Kí ó tó kúrò, kí olùkọ́ ṣe ohun tuntun náà lójú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Bí àpẹẹrẹ, bó bá jẹ́ àmì ohùn ló ń kọ́ wọn, kí olùkọ́ kọ ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ sójú pátákó láìsí àwòrán, kó ní kí ọmọ kan kà á dípò gbogbo kíláàsì, kó dákẹ́ kó jẹ́ kí ọmọ náà rò ó. Dídákẹ́ yẹn ló máa ń ṣòro jù.

Bákan náà, ìwádìí North West rí i pé àwọn olùkọ́ tó ní kóòṣì pín ọmọ sí ìsọ̀rí kéékèèké fún ìwé kíkà ju àwọn yòókù lọ. Ẹ má pe ìsọ̀rí yìí ní ẹgbẹ́, olùkọ́ yóò rò pé àwọn ọjọ́ orí kan náà là ń wí. Ọ̀wọ́ ló yẹ. Ibi tí ọ̀wọ́ ti ń dàrú ni bí olùkọ́ bá fi bẹ́ǹṣì pín wọn dípò bí ọmọ ṣe mọ̀wé kà sí, tàbí tí ọ̀wọ́ tí kò sí lọ́dọ̀ rẹ̀ kò ní iṣẹ́ lọ́wọ́. Ariwo yóò sọ, kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, olùkọ́ yóò ti padà sí kí gbogbo wọn máa kà tẹ̀ lé òun.

Ìdáhùn sí ìdáhùn

Ọ̀wọ́ dára. Mo fara mọ́ ìjíròrò ẹ̀yìn iṣẹ́ náà, bó ti wù kó gùn tó.

Alábàárò ni mi ò lè gbà. Ọ̀rẹ́ lè jẹ́ alábàárò, ẹbí lè jẹ́ alábàárò, kò sí èyí tó béèrè pé kí wọ́n wọ kíláàsì. Wíwà níbẹ̀ sì ni egungun iṣẹ́ yìí. Lẹ́yìn North West, irú ìwádìí kan náà tún wáyé ní Mpumalanga, ìpínlẹ̀ mìíràn ní Gúúsù Áfríkà, lórí kíkọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn olùkọ́ kan ní kóòṣì tó ń wá, àwọn kan gba tábúlẹ́ẹ̀tì, kóòṣì wọn sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, kóòṣì tó ń wá gbé Gẹ̀ẹ́sì sísọ ga ní 0.31 standard deviation, Gẹ̀ẹ́sì kíkà ní 0.13. Kóòṣì ọ̀nà jíjìn gbé Gẹ̀ẹ́sì sísọ ga ní 0.12, kò ran Gẹ̀ẹ́sì kíkà lọ́wọ́, ó sì dá ìwé kíkà ní èdè abínibí padà sẹ́yìn, torí pé àkókò èdè abínibí ni àwọn olùkọ́ ń gbà fún Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ̀rọ kọ́ ló kùnà. Àìsí ẹni tó ń wọlé wá ni.

Àwa tí a ń jà fún èdè abínibí, ẹ jẹ́ kó wọ̀ wá létí: kí ìlà kan wà lórí fọ́ọ̀mù kóòṣì, láìsí máàkì, tí yóò kọ iye ìṣẹ́jú tí wọ́n fi Yorùbá ṣe ẹ̀kọ́ lọ́jọ́ náà àti iye tó yẹ kó jẹ́ lórí táìmù-tébù.

Ti Virginia, ẹ jẹ́ ká máa pè é ní ìfinimọ̀nà orí fídíò, kí a má baà ní orúkọ méjì fún iṣẹ́ kan. Èyí ni mo kọ fún àkójọ wa, kí ẹ gé e bó bá gùn jù:

afinimọ̀nà (ọ̀rọ̀ orúkọ): ẹni tó ń wá sí kíláàsì olùkọ́ kan náà léraléra fún sáà kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó ń kọ ohun tó rí sílẹ̀ láìfi máàkì sí i, tó ń bá olùkọ́ mú ohun kan ṣoṣo láti tún ṣe, tó sì ń dúró kí olùkọ́ dán an wò lójú rẹ̀. Kì í gba kíláàsì ṣe fún olùkọ́ tí kò wá, kì í sì í jábọ̀ fún ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́. Tún wo: alábẹ̀wò, olùdánilẹ́kọ̀ọ́.