Gọ́tà tààrà sínú àbàtà ní Òṣogbo: ṣé ó bójú mu?

Onílé_Ìsàlẹ̀:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ilé 30 ló wà ládùúgbò wa ní Òṣogbo. Títì wa ò lọ́dà, ilẹ̀ sì dagẹ̀rẹ̀ lọ sí àbàtà kan nísàlẹ̀. Tójò bá ti le díẹ̀, àgbàrá á wọ ilé mẹ́rin tó kángun sí àbàtà. Ẹgbẹ́ lándílọ́ọ̀dù fẹ́ ṣe gọ́tà kọnkéré, 60 ní 60 sẹ̀ǹtímítà, kó já tààrà sínú àbàtà. Wọ́n tún fẹ́ fi yẹ̀pẹ̀ kún púlọ́ọ̀tì méjì (50 ní 100 fíìtì) lára àbàtà náà, kí wọ́n tà á láti fi sanwó iṣẹ́. Ilẹ̀ tí omi rẹ̀ ń wá sọ́dọ̀ wa tó hẹ́kítà 2.5. Ṣé gọ́tà yẹn tóbi tó? Ṣé kíkún yẹn ò ní dá wàhálà sílẹ̀?

Aṣírò_Omi:
Gọ́tà tó. Kíkún yẹn gan-an ni wàhálà.

Òjò tó ń rọ̀ ní ìwọ̀n mílímítà 80 ní wákàtí kan lórí hẹ́kítà 2.5 tí òrùlé àti ilẹ̀ tó ti ki pọ̀ nínú ẹ̀ á kó omi bíi lítà 330 wá ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Gọ́tà yín, tó bá ń fi sẹ̀ǹtímítà kan wálẹ̀ ní mítà kọ̀ọ̀kan, lè gbé bíi 650, kó sì ṣẹ́ ku sẹ̀ǹtímítà 10 lókè. Ṣùgbọ́n tí yanrìn bá gba ìdajì àyè tí omi ń gbà nínú rẹ̀, lítà 265 péré ló máa lè gbé. Títì tí ò lọ́dà kì í sì í pẹ́ kó tó kún gọ́tà dé ìdajì.

Ó wá ku àbàtà. Mílímítà òjò kan lórí mítà onígun mẹ́rin kan, lítà omi kan ni. Òrùlé mítà 12 ní 15 á da lítà 9,000 sílẹ̀ nínú òjò mílímítà 50. Ilé 30 jẹ́ 270,000. Púlọ́ọ̀tì méjì yẹn tó nǹkan bíi 930 mítà onígun mẹ́rin. Tí omi bá ga ní sẹ̀ǹtímítà 30 lórí rẹ̀, lítà 279,000 ló gbà dúró. Ibi tí ẹ fẹ́ tà yẹn ni omi òrùlé gbogbo yín ń sùn. Ẹ kún un tán, omi á wá ibòmíì sùn, ilé mẹ́rin yẹn ló sì sún mọ́ ọn jù.

Bíríkìlà_Àgbà:
Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ Aṣírò. Ẹ má sì já ẹnu gọ́tà sínú àbàtà lásán. Omi tó ń sáré mítà méjì ní ìṣẹ́jú-àáyá á gbẹ́ kòtò sí ẹnu rẹ̀, kòtò náà á máa jẹ ilẹ̀ padà sẹ́yìn títí kọnkéré á fi dá sí méjì.

Kí gọ́tà kọ́kọ́ já sínú kòtò tí yanrìn á máa rọ̀ sí: gígùn mítà 4, fífẹ̀ 2, jíjìn 1.2. Búlọ́ọ̀kù oní-íǹṣì mẹ́sàn-án ni kẹ́ ẹ lò, kẹ́ ẹ rọ kọnkéré sínú ihò rẹ̀. Ti íǹṣì mẹ́fà kò lè gba ìtì ilẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí orí kan dagẹ̀rẹ̀, kí wíìlìbárò lè wọlé. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti máa ń bà á jẹ́ nìyí: wọ́n á mọ ọ́n dáadáa, kò ní sí bí ẹnikẹ́ni á ṣe wọlé kó yanrìn. Tó bá ti dé ìdajì, ẹ kó o. Ẹ ri páìpù íǹṣì méjì sí ìsàlẹ̀ ògiri, ẹ fi gíránáìtì yí ẹnu rẹ̀ ká, kí omi fà tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ó ń gba ẹ̀fọn bí ọ̀sẹ̀ kan kó tó kúrò ní ẹyin tó dẹni tó ń fò.

Ṣáájú kòtò náà, ẹ ri irin tí á máa dá ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dúró. Ẹ jẹ́ kó dagẹ̀rẹ̀, kí ìdọ̀tí lè máa gùn ún sókè, kí omi máa gba abẹ́ kọjá. Àlàfo sẹ̀ǹtímítà 10 tó. Èyí tó há jù ló máa ń dí lójijì.

Láti inú kòtò, kí omi ṣàn kọjá lórí ìgbátí kọnkéré tó bá etí àbàtà lọ, mítà 40 ó kéré tán. Púlọ́ọ̀tì méjì yẹn ní àyè ẹ̀. Rọ́bà omi ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n ọ́n kí orí rẹ̀ lè dọ́gba, kì í ṣe ojú lásán. Tí orí kan bá fi sẹ̀ǹtímítà méjì péré lọ sílẹ̀, ibẹ̀ ni gbogbo omi á rọ́ gbà.

Ewé_Odò:
Kòtò yẹn á mú yanrìn o, kò ní mú ẹrẹ̀. Koríko ló ń mú ẹrẹ̀. Lẹ́yìn ìgbátí, ẹ gbin koríko vetiver ní ìlà méjì tàbí mẹ́ta tó dábùú ọ̀nà omi, sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 láàárín ìdí kan sí èkejì, ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò. Ìlà tó ní àlàfo kò wúlò. Ẹ má ge ọ̀gọ̀rọ̀ àti eésún tó wà nísàlẹ̀, ẹ má sì la kánààlì gba àárín àbàtà: omi inú ẹ̀ á ṣàn jáde, ilẹ̀ á gbẹ, kò ní lè gba omi dúró mọ́.

Ẹ wo ojú omi náà pẹ̀lú. Ojúoró ní í lékè omi, òótọ́ ni, àmọ́ tó bá ti bò ó pátá, ó ṣeé ṣe kí ẹnìkan ti so sókáwéè mọ́ gọ́tà, kí ìdọ̀tí rẹ̀ sì máa bọ́ ojúoró náà. Ẹ tọpa rẹ̀ kẹ́ ẹ tó rọ kọnkéré kankan. Odò Ọ̀ṣun ni omi ìlú yìí ń lọ, Igbó Ọ̀ṣun tí UNESCO kọ sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005 sì wà létí odò náà. Ní ti òfin, NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń mójú tó òfin àyíká, ní èyí tó jáde ní 2009 lórí àbàtà àti bèbè odò. Ẹni tó bá ra púlọ́ọ̀tì yẹn lọ́wọ́ yín ra ẹjọ́.

Onílé_Ìsàlẹ̀:
Ẹ ṣé gan-an. Tá ò bá tà á, owó ò ní tó lẹ́ẹ̀kan. Kí la fi ṣáájú? Àwọn kan tún ní ká gbẹ́ kòtò tí omi á máa wọ̀ sí sínú ọgbà ilé mẹ́rin yẹn.

Bíríkìlà_Àgbà:
Ẹ gbẹ́ ihò sẹ̀ǹtímítà 60 síbẹ̀ nígbà tójò bá ń lọ sópin. Tẹ́ ẹ bá bá omi nínú ẹ̀, tàbí tẹ́ ẹ bu omi sí i tí kò fà tó sẹ̀ǹtímítà kan ní wákàtí kan, ẹ gbàgbé kòtò yẹn. Létí àbàtà, omi ló sábà máa ń wà níbẹ̀.

Kòtò yanrìn àti ìgbátí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, kí gọ́tà máa gòkè díẹ̀díẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ lókè, orí ilé mẹ́rin yẹn ló ń da omi sí.

Aṣírò_Omi:
Kí ilé kọ̀ọ̀kan sì gbé tánkì lítà 2,500 sábẹ́ òrùlé. Ilé 30 jẹ́ lítà 75,000, ó lé ní ìdá kan nínú mẹ́rin omi òrùlé yín. Àmọ́ ẹ tú u kí òjò mìíràn tó dé. Tánkì tó kún kò lè gba nǹkan kan. Ẹ sì fi ẹnu àkúnwọ́sílẹ̀ rẹ̀ sọ́nà gọ́tà, kì í ṣe sí ẹsẹ̀ ògiri.