Kí la lè fi dán bàbá tí kì í dáná wò?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ń tọ́jú àgbà, ọ̀nà wo lẹ fi ń mọ̀ bóyá ẹni tó ti lé ní ọdún 75, tí kò kàwé, ṣì lè dá gbé? Ìwọ̀n tí àwọn olùwádìí ará Amẹ́ríkà, Lawton àti Brody, gbé jáde ní 1969 láti fi mọ̀ bóyá àgbà lè dá ṣe iṣẹ́ ojoojúmọ́ ń wo nǹkan 8, lára wọn ni oúnjẹ sísè, oògùn lílò àti owó níná. Ibi tó ti ń dojú rú nílé wa ni pé màmá tí ìyàwó ọmọ ń se oúnjẹ fún á ní òun kì í dáná. Ṣé kò lè dáná ni, àbí wọn ò jẹ́ kó dá a?

Ìdí nìyí tó fi dáa kéèyàn fojú rí i. Ẹ ní kí màmá ro àmàlà, kí ẹ panu mọ́. Tí wọ́n bá da èlùbọ́ sómi tí kò tíì hó, ètò iṣẹ́ ló ń dàrú lọ́kàn wọn. Tí àmàlà dán, àmọ́ tí gáàsì ṣì ń jó, ìgbàgbé ni, ìyẹn ló sì léwu jù. Ti owó ńkọ́? Ata ₦350, iyọ̀ ₦200, ṣẹ́ńjì mélòó ni nínú ₦1,000? (Ẹ kọ́kọ́ yẹ ojú wọn wò o, ojú tó ń ṣú máa ń jọ ìgbàgbé.)

Bàbá tí kò ro àmàlà rí ńkọ́? Iṣẹ́ wo ló ní ìpele tó tó bẹ́ẹ̀? Ẹni tó bá sì ti lo Stick Design Test, ìdánwò ọpọlọ tí wọ́n ti ń fi igi ìṣáná 4 to àwòrán, èyí tí wọ́n dán wò n'Ìbàdàn, fún ẹni tí làkúrègbé mú lọ́wọ́, báwo lẹ ṣe ń fún un ní máàkì?