Iná nínú ọkọ̀ ogun: kí ló dé tí wọ́n fi ń tilẹ̀kùn mọ́ ọn?

Ọmọ Ìpakodò, Ìkòròdú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Àbúrò mi fẹ́ wọ iṣẹ́ ọmọ ogun ojú omi, ó ń kàwé lórí pípa iná inú ọkọ̀. Ohun méjì ni kò yé wa. Wọ́n ní bí iná bá sọ ní yàrá ẹ́ńjìnnì, kí wọ́n kọ́kọ́ tilẹ̀kùn mọ́ ọn. Wọ́n tún ní omi tí wọ́n fi ń paná lè mú ọkọ̀ rì. Báwo?

Atukọ̀ Àgbádárìgì
Ti omi ni màá dáhùn, torí òun ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fojú kéré. Họ́ọ̀sì ẹlẹ́nu ínṣì kan àbọ̀ lè tú nǹkan bíi lítà 360 jáde ní ìṣẹ́jú kan. Láàárín wákàtí kan, ó ti lé ní tọ́ọ̀nù 21. Họ́ọ̀sì mẹ́ta á gbé bíi tọ́ọ̀nù 65 wọlé, bó bá sì jẹ́ àjà òkè ni omi yẹn kó jọ sí, ewu dé. Omi ò dúró sójú kan: ọkọ̀ fì sọ́tùn-ún, omi náà ya sọ́tùn-ún, ó tún tẹ̀ ẹ́ sí i, títí ọkọ̀ ò fi ní lè gbéra dìde mọ́. Ohun tó ṣe ọkọ̀ ńlá Normandie ní New York nìyẹn ní oṣù kejì ọdún 1942: iná àwọn wẹ́dà ló ràn án, omi panápaná ló dà á dùbúlẹ̀. Bí ẹnì kan bá ń tú omi sínú, ẹlòmíì gbọ́dọ̀ máa fi páńpù fà á jáde.

Mẹkáníìkì Ẹ̀pẹ́
Ẹ ṣeun, bọ̀dá Atukọ̀. Ti ilẹ̀kùn: afẹ́fẹ́ ni iná ń jẹ. Ẹni tó bá rí iná á pariwo ibi tó wà gan-an; wọ́n á pa ẹ́ńjìnnì, wọ́n á dí ọ̀nà epo, wọ́n á pa fáànù, kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn àti gbogbo ihò atẹ́gùn. Bí fáànù kan bá ṣì ń yí, iṣẹ́ òfo ni. Bí iná bá ju agbára họ́ọ̀sì lọ ni wọ́n ń tú CO2, gáàsì tí kì í jẹ́ kí iná rí afẹ́fẹ́ jẹ, sí yàrá náà. Ẹ má ṣílẹ̀kùn kíákíá! Ó kéré tán, ìṣẹ́jú 15. Irin tó ṣì gbóná á tún tan epo bí afẹ́fẹ́ tuntun bá wọlé.

Yàrá inú ọkọ̀ ní ojú mẹ́fà: ògiri mẹ́rin, àjà àti ilẹ̀. Ooru ń gba inú irin kọjá, ó lè tan bẹ́ẹ̀dì àti páálí ní yàrá kejì. Ẹ fi èèyàn sí gbogbo ojú tó bá ṣe é dé, kí wọ́n kó ohun tó lè jó kúrò, kí wọ́n máa wọ́n omi sí i. Bí ọ̀dà bá ń wú, tàbí omi ń hó lára irin, iná ti fẹ́ kọjá.

Iná epo, fóòmù ìpaná tó ń hó bí ọṣẹ ni: lítà 3 rẹ̀ sí omi lítà 97, fún irú èyí tí wọ́n kọ 3% sí lára. Ẹ má da omi lásán lé e. Lórí Forrestal, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà tó ń gbé bàálù, ní oṣù keje ọdún 1967, omi àwọn kan ń fọ fóòmù àwọn yòókù dànù, epo tó ń jó sì ń gba ihò ṣàn sí ìsàlẹ̀. Ènìyàn 134 ló kú.

Ọmọ Ìpakodò, Ìkòròdú
Bí ẹnì kan bá ṣì wà nínú yàrá ńkọ́?

Mẹkáníìkì Ẹ̀pẹ́
Wọ́n gbọ́dọ̀ ka orí kí wọ́n tó tú CO2 yẹn. CO2 ń pa ènìyàn bó ṣe ń paná. Bó bá ku ẹnì kan, àwọn tó gbé sílíńdà afẹ́fẹ́ ló ń wọlé, méjì méjì. Sílíńdà tí wọ́n kọ ìṣẹ́jú 30 sí lè má tó bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́ kára nínú ooru. Bí fèrè rẹ̀, tó ń kìlọ̀ pé afẹ́fẹ́ ti ń tán, bá ti fọn, kó jáde.

Ìyá Ọlọ́kọ̀, Ẹ̀pẹ́
Ẹ jẹ́ kí n fi ti ihò tó bá lu ara ọkọ̀ kún un. Ihò tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 10, ní mítà kan sábẹ́ omi, ń gba omi tó lé ní tọ́ọ̀nù kan wọlé ní ìṣẹ́jú kan. Ní mítà mẹ́rin, á di ìlọ́po méjì. Ẹ fi aṣọ wé igi ẹlẹ́nu ṣóńṣó, kí ẹ gbá a wọlé. Igi á wú nínú omi. Bó bá dín in kù dé ìdajì péré, páńpù lè borí èyí tó kù.

Ẹ̀yin ọlọ́kọ̀ fíbà wa náà: gáàsì tó ń jáde lára pẹtiróòlù wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ ọkọ̀ ló ń sùn sí. Ẹ gbé kéègì sórí ilẹ̀ kí ẹ tó rọ epo sí i, ẹ má sì tan ẹ́ńjìnnì bí òórùn epo bá ṣì wà. Ohun ìpaná oníyẹ̀fun, ẹ̀gbẹ́ atukọ̀ ni kó wà, kì í ṣe ìdí táǹkì.